Ìpín Ọkọ̀ Ruth Ellen

Ọjọ́ Ẹtì ni mo kórìíra jù nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń sanwó fún àwọn apẹja, èmi Duane tí mo ń wọn alákàsà, edé ńlá inú òkun, ní èbúté Hadley, létíkun Maine, ni mo sì ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Kí n tó fọwọ́ sí ti ọmọkùnrin kan tán, ó ti ná owó náà tán lẹ́nu. Ọ̀kan fẹ́ ra táyà tó ga tó àyà mi. Òmíràn fẹ́ ra alùpùpù orí yìnyín nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ń mú kí ìdẹ máa rùn nínú àgbá. Inú á bí mi, n ó sọ̀rọ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Duane," wọ́n á sì lọ ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà.

Avis Crowley kì í sọ̀rọ̀ tó mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ni ọkọ̀ ìpẹja tirẹ̀ ní èbúté wa. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá dúró lójú ọ̀nà rẹ, ìwọ ni wàá yà fún un. Bó bá gúnlẹ̀ lọ́sàn-án, kíréètì tó bá kọ́kọ́ bọ́ sórí ìwọ̀n mi, á nawọ́ sí i, á ní, "Duane, ìyẹn kì í ṣe tèmi." Èmi á kọ owó kíréètì yẹn sọ́tọ̀, á sì gba báńkì lọ tààrà láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Èyí tó bá kù ló ń pè ní iṣẹ́ òòjọ́. Ọjọ́ tó bá pa kíréètì kan ṣoṣo, òfo ló pa lọ́jọ́ náà nìyẹn, á sì lọ sílé lọ jẹ ẹ̀wà àná láì ráhùn.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí, mo bi í pé, "Ta wá ló ni ín?"

"Obìnrin arúgbó kan ni."

"Obìnrin wo nínú ìlú yìí?"

"O ò tíì mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀, Duane, ebi á sì máa pa á."

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọgbọ́n owó nílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja inú agolo tó wà lẹ́bàá afárá nígbà náà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á tò sórí ìlà, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, wọ́n á gé orí àti ìrù ẹja, wọ́n á tò ó sínú agolo. Iye agolo tí o bá tò ni owó rẹ. Ọwọ́ Avis yá, ọgbẹ́ sì kún gbogbo ìka rẹ̀. Bó bá gbowó, á san owó oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, nítorí ọmọ tó bá ti ń gbowó níbí kì í jẹ ọ̀fẹ́ nílé. Á fi díẹ̀ ṣe fáàrí, á sì gbé ìyókù lọ sí báńkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà ibòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Lyle, ló kọ́ ọ ní èyí tó kù, kò sì mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Lyle ni bàbá wọn fún ní ọkọ̀ nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀fẹ́ ló fún un, nítorí ọkùnrin ni. Ẹ wá wo ohun tí Lyle ṣe. Lọ́dọọdún, ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn apẹja wa máa ń fi ọkọ̀ ìpẹja díje eré lórí omi. Ọkọ̀ tí a fi ń gbé ìdẹ tó ń rùn, òun náà la fi ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé! Ayọ̀ ńlá ni fún wa, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di òtòṣì. Lyle fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dógò láti yá owó ní báńkì, ó fi owó náà ra ẹ́ńjìnnì tó lè fò. Ó gba ife ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún kẹta, alákàsà wọ́n, gbèsè sì dúró digbí. Báńkì wá gbé ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ tí yìnyín ń jábọ́, bàbá wọn sì jókòó sójú fèrèsé, ó ń wò ó.

"Bàbá wa fún Lyle ní ọkọ̀," Avis sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, "kò fún un ní ohun téèyàn fi ń di ọkọ̀ mú."

Nígbà tí ilé iṣẹ́ agolo kógbá wọlé, àwọn obìnrin ń sunkún níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Avis náà sunkún, ṣùgbọ́n owó wà ní báńkì. Ó fi ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó kùn ún ní funfun, ó sì kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i nídìí: Ruth Ellen. Àwọn ọkùnrin èbúté fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan náà fi ń yọ́ tẹ̀ lé e láti mọ ibi tó ń ju ìgèrè sí.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ kì í gùn, orí àgbá ìdẹ níwájú ìwọ̀n mi ló sì ti máa ń sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wà tó gbé píkọ́ọ̀pù tuntun dé, tó ń dán gbinrin, tó fẹ́ ká yìn ín.

"Ó rẹwà," Avis ní. "Ṣé ó ń pa alákàsà?"

"Màmá Avis! Mọ́tò ni o."

"Mo rí i. Ọkọ̀ omi rẹ ń jẹ epo, ó ń pa alákàsà. Èyí ń jẹ epo, ó ń jẹ owó báńkì, kí ló wá ń pa?"

"Ó ń pa àwọn ọmọbìnrin," ọmọ náà ní, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín, Avis gan-an rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi kún un pé, "Ó dáa. Ní kí wọ́n máa bá ọ san án lóṣooṣù."

Òmíràn ní òun fẹ́ kó gbogbo owó ẹ̀ẹ̀rùn òun sínú owó orí ayélujára kan tí yóò di ìlọ́po mẹ́wàá kí yìnyín tó dé. Avis bi í pé ta ló sọ fún un.

"Ọkùnrin kan lórí fóònù ni."

"Ó mọ̀ ọ́?"

"Rárá o, ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan tó ń sọ."

"Tí ìwọ bá rí ibi tí alákàsà pọ̀ sí lónìí, ṣé wàá gbé fóònù, wàá máa pariwo rẹ̀ fún ẹni tí o ò mọ̀ rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, nítorí ní èbúté wa, èèyàn lè fi ìyàwó rẹ̀ hàn ọ́, fi àkáǹtì rẹ̀ hàn ọ́, kò ní fi ibi tó ń ju ìgèrè sí hàn ọ́. Owó tí Avis fúnra rẹ̀ ń fi pamọ́, ó fi apá kan ra ìpín kéékèèké nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ni pé apẹja gidi á ju ìgèrè díẹ̀ sẹ́bàá òkúta, díẹ̀ sínú ẹrẹ̀, díẹ̀ sínú ibú, nítorí alákàsà kì í sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Á jù ú, á fi í sílẹ̀, kò ní máa fà á sókè ní wákàtí wákàtí láti wò ó.

Lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé, ó jókòó sórí àgbá, ó ń fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú.

"Ó ti tán, Duane. Dókítà ní tí mo bá tún fa okùn lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní lè gbé ṣíbí mọ́. Mo fẹ́ ta Ruth Ellen."

Dalton ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ìlú ńlá. Ọmọ náà ní ìwé àṣẹ ìpẹja tirẹ̀ àti ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan. Ọkọ̀ yẹn dáa fún etí omi ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òtútù bá dé, tí alákàsà kó lọ sínú ibú, kò lè bá wọn lọ, a jẹ́ pé á jókòó sílé títí yìnyín á fi yọ́. Bí Dalton yóò bá di apẹja tòótọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ bíi Ruth Ellen.

"Dalton lo máa fún, àbí?" mo ní.

"Dalton ni mo máa tà á fún."

"Avis! Ọmọ ọmọ rẹ!"

"Lyle náà ọmọ bàbá mi ni."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì dọ́là ló ní kó mú wá. Ọ̀gbẹ́ni Prescott, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá jẹ atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn lórí òkè, ti gbọ́, ó sì ní òun á san ọgọ́ta, òun á to tìmùtìmù sínú rẹ̀, òun á máa fi gbé àwọn àlejò òun ṣeré kiri. Avis sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì ni kó padà wá. Bí Dalton ò bá ti san ogójì kí ọjọ́ náà tó pé, ọkọ̀ di ti Prescott.

Ìlú kùn. Wọ́n ní ahun ni. Èmi náà bá a jà, mi ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Dalton nìkan ni kò bínú.

"Ẹ má bá wọn bú Ìyá àgbà, Bàbá Duane," ó ní. "Tí Ìyá àgbà bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, títí n ó fi kú lẹ ó máa sọ pé ọkọ̀ ìyá àgbà ni mò ń wà. Ìwọ̀nyí tí wọ́n ń kùn gan-an ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́."

Ó ní ogún nínú ogójì náà ní báńkì. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ti fi dandan lé e láti ìgbà tó gba ìwé àṣẹ pé kíréètì àkọ́kọ́ òun náà kì í ṣe tirẹ̀. Ogún tó kù wà nínú òkun. Ó pẹja bí ẹni tí wọ́n ń lé ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé yẹn, ó sì pa á. Ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo ayé ń pa alákàsà ni owó rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Bí ọdún bá ń súnmọ́ Kérésì, tí òtútù lé àwọn apẹja wálé, tí àwọn olówó òkèèrè sì fẹ́ jẹ alákàsà lọ́jọ́ ọdún, owó á gun òkè. Nítorí náà, àwọn kan máa ń kó tiwọn pamọ́ láàyè sínú kíréètì tó ń léfòó, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ nínú omi, wọ́n á máa dúró de owó ńlá. Dalton kó gbogbo tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu odò ló so wọ́n sí, nítorí afẹ́fẹ́ kì í débẹ̀.

Iwájú ìwọ̀n mi ni Avis ti pè é.

"Ta ìdajì lónìí."

"Ìyá àgbà, tí mo bá ta ìdajì lónìí, mi ò ní bá a. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò."

"Mo ti ṣírò ẹ̀. Díẹ̀ ló máa kù."

"Díẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Díẹ̀ yẹn, wàá wá bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò fẹ́ wá bá yín sọ̀rọ̀," Dalton ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Owó ni mo fẹ́ wá kà síwájú yín."

Avis rẹ́rìn-ín, ó fi ìbọ̀wọ́ gbá a lórí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ìgbéraga tó dàbí ìwà rere rí, òun ló sì máa ń náni lówó jù.

Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ wa máa ń le bí irin, odò á sì dì. Ọdún yẹn, òjò ló dé. Òjò lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tó rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì láì mí. Yìnyín orí òkè yọ́, odò kún, ó pọ́n bíi tíì, ó sì ń wọ́ lọ sínú òkun. Ọmọdé ibí mọ̀ pé omi odò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, orí rẹ̀ ló máa ń wà, alákàsà kì í sì í gbé inú omi tí kò níyọ̀. Àwọn kíréètì Dalton sì rèé, wọ́n ń léfòó lókè, níbi tí omi odò wà gan-an.

Afẹ́fẹ́ le débi pé ọkọ̀ pẹlẹbẹ ò lè kúrò ní èbúté. Avis ò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ó wọ Ruth Ellen, ó tanná sí ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọwọ́ kan tukọ̀, èmi àti Dalton bẹ́ lé e. A dé ẹnu odò, Dalton fi ìkọ́ fa kíréètì àkọ́kọ́, ó ṣí i. Alákàsà inú rẹ̀ rọ jọwọrọ, apá wọn ń fì síbí fì sọ́hùn-ún. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí ìkẹta. Kò pariwo, kò sunkún, ó kàn ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bóyá wọ́n á mira. Àwọn tó wà ní ìparí okùn, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú òkun gidi, nìkan ló yè. Kíréètì mẹ́jọ. Gbogbo ìyókù, a dà á sómi, nítorí òkú alákàsà kò ní ọjà.

Mo fẹ́ tù ú nínú. Mo ní, "Omi ló dànù, ọmọ mi, agbè ò fọ́."

"Agbè ta ni, Bàbá Duane?" ó ní, kò sì wo ojú mi.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Mo wo Avis nídìí ọkọ̀ bóyá á sọ nǹkan kan. Iwájú ló ń wò, ó ń wá ọ̀nà bí a ṣe máa délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo wà ní ilé ìdáná Avis. Mo máa ń lọ jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀wà tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti oyin dúdú sè sínú ààrò láti òwúrọ̀. Ọjọ́ Ajé ni Prescott ń bọ̀. Dalton wọlé, ó bọ́ bàtà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

"Ìyá àgbà, ẹ tà á fún Ọ̀gbẹ́ni Prescott."

"Kí ló dé?"

"Ẹ mọ ohun tó dé. Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ọmọ náà fọwọ́ nu ojú. "Ẹ ní kí n ta ìdajì, mi ò tà. Ibì kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí. Òjò kọ́ ló ṣe é, èmi ni. Mo ní ogún ní báńkì àti owó kíréètì mẹ́jọ. Ọgọ́ta ló ń mú bọ̀, ẹ gbà á, kí ẹ fi tọ́jú èjìká yín."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mà á máa lo ọkọ̀ kékeré mi. Mà á tún bẹ̀rẹ̀ láti—"

Avis gbé ìkòkò ẹ̀wà kúrò nínú ààrò. Ó bu ún sínú àwo mẹ́ta, ó gé búrẹ́dì dúdú, ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan síwájú. "Jókòó, kó má baà tutù."

Ó jókòó. A ń jẹun. Nígbà tó yá, Avis bi mí pé, "Duane, tí wọ́n bá ta alákàsà tán, ta la kọ́kọ́ ń sanwó fún?"

Ìbéèrè ọmọdé ni. Ní èbúté wa, kí ọ̀gá ọkọ̀ tàbí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó fọwọ́ kan sẹ́ǹtì kan, a máa ń yọ ìpín ọkọ̀. Ọkọ̀ náà òṣìṣẹ́ ni, ó yẹ kó gbowó. Ìpín yẹn la fi ń ra ọ̀dà àti okùn, tí a fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù jẹ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀.

"Ọkọ̀ ni," mo ní.

"Ó dáa. Dalton, mo ń ta ìdajì ọkọ̀. Ogún ni owó ẹ̀. O máa rà á àbí o ò ní rà á?"

Dalton gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ìdajì ọkọ̀? Ìdajì wo, Ìyá àgbà?"

"Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ni kí o mú," mo ní, ẹ̀wà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

"Dákẹ́, Duane. Ìwọ lo máa jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, Dalton, ìwọ lo máa máa gbé e lọ sínú ibú ní ìgbà òtútù. Ìpín ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a bá ti yọ ti àtúnṣe, a ó pín in sí méjì, ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi. Ọjọ́ tí o bá lówó ìdajì tó kù, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ tà á fún, ní iye tó bá tó lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ dógò ní báńkì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, àfi tí àwa méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí i."

Inú bí mi. Mi ò lè purọ́, inú bí mi gidigidi. Mo ní, "Avis, ọgọ́ta wà nílẹ̀! Owó ọwọ́! Ogún lo fẹ́ gbà, o fẹ́ máa dúró de èyí tó kù lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ da gbogbo owó ẹ̀ sómi? Àánú á pa ọ́."

"Má pè é ní àánú." Ó na ṣíbí sí mi. "Mo ti wo ìpín ọkọ̀ yẹn ní ọdún mẹ́wàá tó kọjá, ìgbà òtútù ló sì máa ń pọ̀ jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó Prescott á ti tán lọ́wọ́ mi kí ìpín tèmi tó dáwọ́ dúró. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ o. Òkun ni. Ṣùgbọ́n ìwọ, Duane, ọmọ mélòó lo ti rí ní èbúté yìí tó pàdánù owó tó bẹ́ẹ̀, tí kò wá yáwó, tí kò bú òjò, tó kàn wọlé wá sọ ọ́ bó ṣe rí? Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, owó mi lè sùn lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo tún bu ẹ̀wà.

Dalton bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omijé tí kò dà ní ẹnu odò dà sínú àwo oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ìyá àgbà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ díje eré ńkọ́?"

"Ìwọ náà á kọ̀ láti fọwọ́ sí i," Avis ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o ní ìdajì."

Prescott dé lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú bàtà dáadáa tí kò yẹ kó wọ̀ wá sí èbúté. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní bà á jẹ́. Ó fi márùn-ún lé ọgọ́ta. Avis dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má bínú, ọkọ̀ náà ti ríṣẹ́. Ọkùnrin náà wò mí bóyá mo máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ta alákàsà méjì fún un, ó sì lọ sílé.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ni Dalton kọ́kọ́ gbé Ruth Ellen jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Òtútù ọjọ́ náà lágbára débi pé omi òkun ń rú èéfín. Mo ti ń ṣílẹ̀kùn ilé ìwọ̀n nígbà tí mo rí Avis lórí afárá èbúté, apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú aṣọ tí dókítà fi gbé e kọ́ ọrùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì fi ọwọ́ òsì di ife kọfí mú. Ọkọ̀ ti ń lọ. Dalton ò wẹ̀yìn, kò yẹ kó wẹ̀yìn, iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Avis ń wò ó títí ó fi kọjá etí òkúta, tí ó kù díẹ̀ kó wọnú èéfín.

Mo gbé àgbá kan wá bá a, mo ní, "Avis, kí lo ń ṣe nínú òtútù yìí? Lọ sílé. O ti fẹ̀yìn tì."

"Mo ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

Ó fi ife kọfí nawọ́ sí ojú òkun. "O ò rí i ni? Mo ń pẹja lọ́hùn-ún, ìdajì ọkọ̀ yẹn tèmi ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Duane, mi ò tíì gba sẹ́ǹtì kan rí tí ọwọ́ mi ò rùn."

"Owó tó ń lé sí i ní báńkì láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?"

"Ìyẹn, ìwé ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi. Mi ò fojú rí i rí." Ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó ní afẹ́fẹ́ ni. "Èyí, wò ó bó ṣe ń lọ."

A jọ dúró síbẹ̀ títí a ò fi rí ọkọ̀ mọ́, tó kù ìró ẹ́ńjìnnì nìkan. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àgbá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì mu kọfí rẹ̀.